Awọ Òjò, Awọ Ọyẹ́

Ta ló ti jẹ ewúrẹ́ tí wọ́n bó láwọ rí ní Àkókó? Ká sòótọ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Ní Ìkàrẹ́ ni o, ní Ọ̀kà ni o, bí wọ́n bá dúḿbú ewúrẹ́ tán, iná ló kàn. Wọn á fi iná wí irun rẹ̀, wọn á fi ọ̀bẹ ha á, wọn á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Awọ ló ń mú ọbẹ̀ ewúrẹ́ dùn. Ẹni tó bá bó awọ ewúrẹ́ sọnù lójú ìyá àgbà kan ní Òkè-Ọ̀kà, ìyá náà yóò béèrè bóyá wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu pé ìlù ṣì wà nílẹ̀ wa. Awọ ewúrẹ́ ni ojú dùndún. Bí gbogbo awọ bá ń wọ ìkòkò, níbo ni onílù ti ń rí tirẹ̀? Ìbéèrè yìí la gbé kiri láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Kì í ṣe pé olùkọ́ kan ló ní ká fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyáàlù ẹ̀ka wa ló ya.

Mẹ́rin ni wá tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni méjì nínú wa, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìwárò-Ọ̀kà, ẹnì kẹrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó mú kó gbà pé òun nìkan ló mọ ìlù láàárín wa. Ìyáàlù náà ti wà nílẹ̀ kí àwa tó wọ Akùngbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde yóò rántí rẹ̀, òun náà tí ṣaworo rẹ̀ kan ti já tí wọ́n sì fi wáyà so ó padà. Ọjọ́ tí à ń kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀ ni ojú rẹ̀ fà ya gbọ̀nràn. Ọjọ́ Àṣà ku oṣù méje. Nínú ìpàdé, ẹnìkan dìde, ó dábàá pé kí a gba ohùn ìlù sórí fóònù, kí a máa gbé e sáfẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀ka Yorùbá, ìlù fóònù! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí a fi wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́.

Ilé Bàbá tí wọ́n júwe fún wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. A ò ní dárúkọ wọn, torí àwọn fúnra wọn ló ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń wá àwọn kiri ti tó. A dọ̀bálẹ̀, èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wa kúnlẹ̀. Bàbá yẹ ìlù náà wò, wọ́n gbá igi rẹ̀ pẹ́pẹ́, wọ́n ní ọ̀mọ̀ ni, kò sí ohun tó ṣe é, yóò pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ. Awọ ni ká wá.

“Ẹ lọ wá awọ wá. Owó iṣẹ́ nìkan ni n ó gbà lọ́wọ́ yín.”

Inú wa dùn. Iléyá kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́, ta ni kò sì mọ bí ẹran ṣe ń kú tó ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ Iléyá? A ní, “Bàbá, awọ ń bọ̀, yóò pọ̀ bí omi.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Awọ òjò lẹ fẹ́ kó wá fún mi yẹn.”

Ọ̀rọ̀ méjì náà nìyẹn: awọ òjò, awọ ọyẹ́. Òun ni Bàbá fi pín gbogbo awọ tó wà láyé. Awọ tútù kò yàtọ̀ sí ẹja tútù. Àtìgbà tí ọwọ́ alápatà bá ti kúrò lára rẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ lọ, ohun kan ṣoṣo tó sì lè gbà á sílẹ̀ ni kí omi ara rẹ̀ tètè gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ yóò fa omi yẹn jáde kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ní oṣù kẹfà, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mu omi yó, kò ráyè gba ti awọ mọ́ ọn. Ẹ ó sá a láàárọ̀, òjò yóò lé yín wọlé lọ́sàn-án, awọ yóò sùn sí kọ̀rọ̀ yàrá mọ́jú. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìdí irun rẹ̀ ti rà. Ojú lásán kò ní rí i.

Ọwọ́ ló ń rí i. Bàbá fi àtàǹpàkò àti ìka kan di irun mú, wọ́n fà á. Irun awọ tó pé yóò bá ọwọ́ jìjàkadì. Irun awọ òjò yóò tẹ̀lé ọwọ́ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń tu ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ti rì bọ omi gbígbóná. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa béèrè ohun tí ẹ̀yin náà ń rò lọ́kàn báyìí: ṣebí Bàbá yóò fá irun náà dànù kó tó di ìlù, kí ló wá kàn wọ́n bóyá irun dúró tàbí kò dúró? Bàbá ní ohun tó tú irun sílẹ̀ ti jẹ ojú awọ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti ya nígbà tí ọsán bá fà á. Irun ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n á bi í léèrè kí wọ́n tó lé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó wà ní Kánádà gbọ́ ìtàn yìí lórí fóònù, ó wá sọ ti ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní coyote fún wa. Ìbátan ajá àti ìkookò ni. Àwọn tó ń dẹ pàkúté fún un níbẹ̀ ń ta awọ rẹ̀ nítorí irun rẹ̀, àwọn náà sì ní ìgbà tiwọn. Bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ni irun rẹ̀ ń ki sí i. Bí wọ́n bá pa á kí ìgbà tó tó, wọn á yí awọ náà padà, inú rẹ̀ yóò dúdú bí ẹni rẹ ẹ́ sínú aró; bí ó bá ti gbó, inú rẹ̀ á funfun. Bí wọ́n bá wá pẹ́ jù, tí òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, irun ejìká àti ìdí rẹ̀ yóò ti máa họ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló wà láàárín awọ olówó gọbọi àti èyí tí oníbàárà yóò fi ẹsẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára torí pé ó jọ tiwa, kò sì jọ ọ́. Ara ẹran ni ìgbà tiwọn ń wọ̀. Ewúrẹ́ wa kò mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀. Irun tó wà lára rẹ̀ lóṣù kẹfà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti oṣù kejìlá. Lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn ọ̀bẹ ni ìgbà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ròyìn coyote fún Bàbá láti orí dé ìrù. Wọ́n ronú díẹ̀. “Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn awọ rẹ̀ rí?” A ní rárá o. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Kì í kúkú ṣe pé òjò kì í dé ara ẹran láàyè. Ìgbà òjò ni koríko tútù máa ń kún fún eégbọn, ibi tí eégbọn bá sì ti bù jẹ, àpá ni. Làpálàpá náà fẹ́ràn ara tí kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n koríko tó ń mú eégbọn wá yìí náà ló ń mú ẹran sanra, tí awọ rẹ̀ ń jọ̀lọ̀. Ẹran tó ti jìyà ọ̀gbẹlẹ̀ tó fi gbẹ, awọ rẹ̀ a máa le gbagidi bí páálí. Ìdí nìyí tí Bàbá fi fẹ́ràn ìparí ọdún: ewúrẹ́ ṣì gbé ọ̀rá òjò sára, afẹ́fẹ́ sì ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà ni tiwa pẹ̀lú.

A ṣì lọ kó awọ Iléyá. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà lọ́dún 2025, ọjọ́ Jímọ̀. Awọ mẹ́sàn-án la rí gbà kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Méje jẹ́ ti àgbò, méjì jẹ́ ti òbúkọ. Bàbá kò tilẹ̀ jókòó kí wọ́n tó ya méje sọ́tọ̀. Àgbò kì í ṣe ẹran ìlù. Ọ̀rá wà láàárín awọ rẹ̀, bó bá sì gbẹ tán, ó lè máa pín sí abala méjì bí ìwé tí omi kán sí. Òbúkọ ní tirẹ̀ nípọn lọ́rùn, ó sì ti jà púpọ̀ láyé. Àpá ìwo kún ara rẹ̀. Ojú dùndún ń fẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti ọmọ ewúrẹ́, tó jẹ́ abo, tí kò tíì bímọ. Awọ tó nípọn wúlò fún bàtá àti gbẹ̀du.

Àáfà àgbà kan ládùúgbò ló gba àwọn awọ àgbò náà yẹ̀ wò, torí ẹní ìkírun. Ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀. Bàbá àti Àáfà jókòó sórí àga kan náà, awọ kan náà wà níwájú wọn, ohun tí ọ̀kan ń wá ni èkejì ń sá fún. Irun ni Àáfà ń wò: ó funfun láìlábàwọ́n, ó gùn dọ́gba, kò re níbi kankan. Awọ fúnra rẹ̀ kò jọ ọ́ lójú. Ó mú mẹ́ta nínú méje. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn òjò alẹ́ mẹ́ta, irun méjì nínú mẹ́ta náà ti ń re, ọ̀kan ṣoṣo ló padà di ẹní.

Ibí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa ti ṣe ìṣirò kan tó jẹ́ ká dákẹ́. Ọdún àwọn Mùsùlùmí jẹ́ ọjọ́ 354, torí òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nítorí náà Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Lọ́dún 2007, oṣù kejìlá ló bọ́ sí, àárín ọyẹ́ gan-an. Lọ́dún 2015, ó ti dé oṣù kẹsàn-án. Lọ́dún 2020, ó bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù keje. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹran tí wọ́n ń bó láwọ pọ̀ jù lọ ní Ìkàrẹ́ ti rìn kúrò nínú ọyẹ́, ó ti wọ inú òjò lọ, kò sì tíì jáde.

Bàbá rántí Iléyá ọyẹ́ dáadáa. Wọ́n ní nígbà náà, awọ òbúkọ àti ewúrẹ́ tí àwọn kan fi ń ṣe ọdún máa ń gbẹ koránkorán lọ́jọ́ kejì, àwọn sì ń tò ó sórí àjà, èyí tí àwọn kó lọ́dún kan a máa gbé àwọn dé ọdún kejì. Wọn ò tíì gbọ́ ọ kí ẹnìkan ṣírò rẹ̀ báyìí rí, ṣùgbọ́n ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n béèrè ìgbà tí Iléyá yóò padà sínú ọyẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tún tẹ fóònù rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2039 ni yóò tún bọ́ sí oṣù kejìlá. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ bá mi kí i.”

Ó yẹ ká sọ ti òkè ọya díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni awọ ti lórúkọ. Ewúrẹ́ pupa Ṣókótó ni awọ rẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá láyé àtijọ́ dé ilẹ̀ Mòrókò, tí àwọn Òyìnbó fi wá ń pè é ní awọ Mòrókò, bí ẹni pé ewúrẹ́ náà kò ní ìyá nílẹ̀ Hausa. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ fún oṣù tó pọ̀ nínú ọdún, awọ sì jẹ́ ọjà níbẹ̀, kì í ṣe ẹran. Ní Sàríà ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ, NILEST, wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé àwọn fẹ́ òfin tí yóò ka pọ̀nmọ́ jíjẹ léèwọ̀, torí pé ohun tó yẹ kó lọ síléeṣẹ́ aláwọ ló ń gba ọ̀fun lọ. Ẹ rántí bí ìlú ṣe gbóná. A ò sí lẹ́yìn òfin yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba pọ̀nmọ́ lẹ́nu Yorùbá, kó kọ́kọ́ wá gba àmàlà. Ṣùgbọ́n a ti jókòó lọ́dọ̀ Bàbá pẹ́ débi pé ojú tí a fi ń wo abọ́ ọbẹ̀ ti yàtọ̀. Èèyàn á ṣí ìkòkò, á rí awọ ewúrẹ́ kékeré kan tí kò lábùkù, á sì kérora díẹ̀ kó tó bù ú.

Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá kọjá, ìdánwò ló gbà á. Ní ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n sìnkú ìyá àgbà ọ̀rẹ́ wa, ọmọ Ìwárò-Ọ̀kà. Màmá ti dàgbà dáadáa, òkú ọ̀ṣọ́ ni. Màlúù kan àti ewúrẹ́ mẹ́rin ni ìdílé rà fún ìnáwó, a sì tún rí ọ̀kan tí wọn ò rà: abo ewúrẹ́ kékeré kan, dúdú pẹ̀lú àmì funfun níwájú orí, tó jẹ́ pé Màmá fúnra wọn ló ń sìn ín. Ọ̀rẹ́ wa wò ó lójú kan, ó sì ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bó èyí láwọ, kí wọ́n má wí i níná.

Ẹ ò rí ariwo! Àbúrò màmá rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ figbe ta. “Ẹran ìhòòhò? Níbi òkú ìyá mi?” Èkejì ní ẹran tí kò láwọ kì í wọ ọbẹ̀, ọbẹ̀ ló máa ń wọ̀ ọ́, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú wa títí di òní. Wọ́n ní ṣé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń ba ẹran jẹ́. Ọ̀rẹ́ wa kò jiyàn, ó dúró pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ àkọ́bí Màmá, béèrè ohun tí a fẹ́ fi awọ náà ṣe. A sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Kò sí ìlù tó dún ládùúgbò yìí rí tí ìyá mi kò jáde sí. Ẹ bó o fún wọn.”

Ìṣòro tó kàn: kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bó nínú agbo ilé náà. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n wí. A ránṣẹ́ sí alápatà kan ní Ìkàrẹ́ tí gbogbo ọjà ń pè ní Àlájì, ọmọ Hausa tó ti gbọ́ Yorùbá ju àwọn mìíràn nínú kíláàsì wa lọ. Ọ̀kadà ló gbé e dé kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀bẹ ló máa ń ba awọ jẹ́ ju òjò lọ. Ihò kékeré tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lójú awọ tútù, bí ọsán bá fà á, yóò la ẹnu gbàgà. Àlájì mọ èyí. Ó la ojú kékeré sí ẹsẹ̀ kan, ó fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ara ewúrẹ́ náà fi wú, awọ yà kúrò lára ẹran. Ó fi ọ̀bẹ la agbedeméjì ikùn àti inú ẹsẹ̀, ó ju ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Ìkúùkù ló fi ṣe ìyókù, ó ń tì í wọ̀ ọ́ láàárín awọ àti ẹran díẹ̀díẹ̀. Àwọn àbúrò ìyá tó ń bínú ti kóra jọ yí i ká, wọ́n ń wòran.

Iyọ̀ ni ẹnìkan kọ́kọ́ gbé wá. A bẹ̀ ẹ́ kó gbé e padà. Awọ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sọ́nà jíjìn ni iyọ̀ wà fún. Ní ti ìlù, iyọ̀ tó bá wọnú awọ yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí ayé, ìlù náà yóò sì máa dẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ẹnìkan tún ní ká tẹ́ ẹ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀kà mọ̀ pé àpáta ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ẹ̀gẹ́ àti èlùbọ́. Bàbá sì ti kìlọ̀ fún wa nípa àpáta láti oṣù kẹfà. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú un gbóná, awọ tútù tí wọ́n bá tẹ́ sórí rẹ̀ kì í gbẹ, sísè ló ń sè. Òkè rẹ̀ á le, inú á ti rà, ìdí sì nìyẹn tí awọ tó gbẹ lójú fi máa ń fọ́ bí páànù àkàrà lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sómi. A fi igi mẹ́rin ṣe férémù, a fi okùn fa awọ náà sínú rẹ̀, a gbé e sábẹ́ ìbòòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gba iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn fún òru mẹ́ta, nítorí ajá.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fà á nírun, irun kọ̀. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fi ahọ́n kan igun rẹ̀ kan, wọ́n tutọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kò níyọ̀. Wọ́n wá gbé e sókè kojú oòrùn. Ìyẹn ni ẹ̀rù ń bà wá fún. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí iná àtùpà ń gba inú ìwé, ó sì dọ́gba láti ẹ̀yìn dé ẹ̀gbẹ́, kò sí ojú ọ̀bẹ kankan. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ibì méjì dúdú bí èso ìbẹ́pẹ. Eégbọn. Bàbá fi èékánná tẹ ìdí wọn, wọ́n ń gbọ́ ohùn tó ń jáde.

“Kò tíì pé ọyẹ́,” ni wọ́n wí. “Bí ẹ bá dúró di oṣù kejìlá, ẹ ó rí èyí tó dára jù ú lọ.”

A bi ara wa léèrè pẹ̀lú ojú. Oṣù kejìlá, ti ta ni wọ́n fẹ́ pa? Ewúrẹ́ Kérésì pọ̀, lóòótọ́, inú ọyẹ́ gan-an sì ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní rí iná. Ní ìhà tiwa yìí, awọ tó bọ́ sígbà tó dára ni wọ́n ń wí níná, èyí tí wọ́n ń bó ni òjò ń pa. Ọ̀rẹ́ wa kò sọ gbogbo ìyẹn. Ó kàn ní, “Bàbá, èyí la fẹ́.” Ó sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ tirẹ̀ ní Ọ̀kà. Bàbá wò ó, wọ́n ká awọ náà, wọ́n gbé e wọlé.

Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ Bàbá ni gbogbo rẹ̀ wà, a ò lè sọ pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gé ojú méjì jáde. Ojú tí àpá kò sí ni wọ́n fi sí apá tí ọ̀pá ìlù yóò máa lù. Èyí tí àpá eégbọn wà, wọ́n fi sí apá kejì, níbi tí kò ti ní gba ìyà púpọ̀. Ọ̀kan nínú awọ òbúkọ Iléyá, tí a rò pé ó ti dìgbẹ́, ni wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ọsán tó ti já. Owó iṣẹ́ wọn, ẹ jẹ́ ká fi bò. Wọ́n dín in kù fún wa, àwọn mìíràn yóò sì fẹ́ kí wọ́n dín in kù fún àwọn náà.

Ọjọ́ Àṣà dé ní oṣù kìn-ín-ní, nínú ọyẹ́ tó mú ètè gbogbo wa bẹ́. Kò sẹ́ni tó tẹ fóònù. Ìyá ọ̀rẹ́ wa wá láti Ọ̀kà pẹ̀lú àbúrò wọn kan, èyí tó pariwo ẹran ìhòòhò. Lẹ́yìn tí gbogbo ètò parí, wọ́n ní ká gbé ìlù náà wá. Ojú tí wọ́n ń lù kọ́ ni wọ́n wò. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi ìka wá àpá méjèèjì kàn, wọ́n sì ní ìgbà kan wà tí Màmá fi epo pupa pa eégbọn lára ewúrẹ́ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń tàpá, tó da epo sí wọn lára. Àbúrò wọn ní òun rántí.

A gbé ìròyìn padà fún Bàbá pé ìlù náà dún bí agogo. Wọn ò yọ̀ tó bí a ṣe rò. Wọ́n ní kò sí awọ tí kì í dún nínú ọyẹ́. Ká dúró dìgbà tí òjò bá rọ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá, tó gbé páànù ilé kan lọ ní Akùngbá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé ní ẹ̀ka kí àwọn olùkọ́ tó dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé e kọ́rùn. Ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó fún ọsán mọ́ra, ó tún lù ú. Ó gòkè padà. Ó ní kí ẹnìkan bá òun pe Bàbá lórí fóònù, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ọ.